Ọjọ́ Orí Táyà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìjòyè. Ọ̀rọ̀ táyà ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún ojú ìwé ìdílé, kí ó fi sùúrù kà á dé òpin, nítorí pé orí rọ́bà ni ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa gbé oúnjẹ wọn, owó ilé-ìwé ọmọ wọn, àti ẹ̀mí wọn lé.

Ní Ọ̀tan Ayégbajú níbí, bí àgbàlagbà bá papòdà, tàbí bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó, àga àti kánópì ni a kọ́kọ́ ń wá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti di olóògbé wà nínú àwọn tí ń fi wọ́n yá ènìyàn. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni igba àga oníke, kánópì mẹ́rin pẹ̀lú àwọn irin wọn, àti tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Kì í ṣe tírélà gbàgbà tí ń kó sìmẹ́ńtì ni à ń wí. Kékeré tí ọkọ̀ akẹ́rù kan lè fà ni. Tírélà yìí ni ó ń gbé ẹrù náà lọ sí Ìrèsì, sí Ìgbájọ, sí Ẹ̀ripa, àti sí Òkukù nígbà mìíràn. Láti inú owó rẹ̀ ni a ti ń tọ́ ọmọ mẹ́ta tí kò ní baba mọ́.

Ní àkókò òjò, ayẹyẹ kì í pọ̀, tírélà a sì máa dúró sí ẹ̀yìn ilé fún oṣù bíi mẹ́rin. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ dé, tí àwọn tí ń ṣe òkú sì bẹ̀rẹ̀ sí wá fi owó sílẹ̀, a ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ táyà méjèèjì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ìdílé pé jọ láti gbìmọ̀. Ẹnìkan wí pé kí a fi wọ́n sílẹ̀, nítorí ilà ojú wọn ṣì jinlẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn wí pé kí a ra tòkúnbọ̀ mẹ́rin, kí méjì máa ṣiṣẹ́, kí méjì máa dúró dè wọ́n. Ẹni kẹta wí pé táyà tuntun méjì ni kí a rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tuntun méjì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tòkúnbọ̀ mẹ́rin. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé nínú owó kan náà ni a ó ti san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá fún àkọ́bí opó náà. Kì í ṣe owó tí a lè fi ṣeré.

Ọmọ náà gan-an ni ó kọ́kọ́ là wá lóye. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, ó fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ó sì fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn wá tí ó wà nínú àmì bí ẹyin, ní òpin ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà DOT. Nọ́ńbà náà ni 1514. Méjì ìṣáájú ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún: èyí ni pé ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2014 ni a ṣe táyà náà. Láti ọdún 2000 ni a ti ń kọ ọ́ báyìí. Èyí tí ó bá ní nọ́ńbà mẹ́ta péré, ṣáájú ọdún náà ni a ti ṣe é, kí a sì sá fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ní ayé ni ó ti ń sọ pé kí a máa pààrọ̀ táyà ní ọdún kẹfà, ìbáà jẹ tàbí kí ó má jẹ. Ti wa ti kọjá ìlọ́po ààlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́.

Kí ni ó fà á tí táyà fi ń gbó láìjẹ? Ní ọdún 1839, Charles Goodyear ará Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, yóò le, kò sì ní yọ́ nínú oòrùn. Orúkọ òrìṣà iná àwọn ará Róòmù ni a fi pe iṣẹ́ náà, láti ibẹ̀ sì ni àwọn fọkanáísà wa ti gba orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí a ti sè bẹ́ẹ̀ kò sinmi. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń bá a jà lójoojúmọ́, ó ń gan, ó sì ń sán. Àwọn tí ń ṣe táyà a máa po ìda àti àwọn èròjà mìíràn mọ́ ọn láti dáàbò bò ó, bí táyà bá sì ń yí ni ìda náà ń jáde sí ojú rẹ̀. Táyà tí ó dúró sójú kan fún oṣù mẹ́rin kò rí ààbò yìí tó.

Nítorí náà ni táyà tírélà fi ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ́ńjìnnì kì í yí i, kì í tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, ìrìn rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́dún. Ojú rẹ̀ kì í tètè jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ń fa yàrá tí wọ́n ń sùn sẹ́yìn ọkọ̀ wọn lọ sí ibi ìsinmi. A gbé e kalẹ̀ ní ìgbà òtútù, a fà á jáde ní ìgbà ooru. Ohun tí ń ṣe wọ́n kò yàtọ̀ sí tiwa: ẹrù wúwo, ìdúró gígùn, lẹ́yìn náà ìrìn àjò lójijì. Bí táyà tírélà bá sì bẹ́, awakọ̀ lè má tètè mọ̀, nítorí kò sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí tírélà bá ń jù sọ́tùn-ún sósì, tí ó sì ń fa ìdí ọkọ̀ ni yóò tó mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ òkè àti kọ́nà tí ó yí Ọ̀tan ká yóò mọ ohun tí èyí lè dà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, bọ́ọ̀sì ńlá kan tí ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti ibi àríyá orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yà kúrò ní títì nígbà tí táyà iwájú rẹ̀ bẹ́. Ènìyàn mẹ́ta kú. Táyà náà ti ju ọdún 19 lọ, kò sì sí òfin kankan nígbà náà tí ó sọ pé ó ti dàgbà jù. Frances Molloy, ìyá ọ̀kan nínú àwọn tí ó kú, kò dákẹ́; ó ń bẹ ìjọba, ó sì ń yọ wọ́n lẹ́nu, títí òfin fi jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2021 pé táyà tí ó bá ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ sí ní ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá àti bọ́ọ̀sì mọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún 2016, James Ocholi, tí í ṣe mínísítà, pẹ̀lú aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Kàdúná sí Abuja. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ pé táyà ọkọ̀ wọn kan ni ó bẹ́ lórí eré. Táyà kò mọ mínísítà yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù.

Síbẹ̀ a kò fẹ́ kọ tòkúnbọ̀ láìrí i. Opó náà lọ sí ẹ̀bá títì níbi tí a ti ń tò wọ́n, àwa náà sì bá a lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé ọ̀kan jáde, ó ní: "Ìyá wa, ẹ fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Kò jẹ rárá. Ìlú Òyìnbó ni ó ti wá." Ìyá náà dáhùn pé: "Ọmọ mi, mo ti rí ojú rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀." A yí i, a sì kà á: 3813. Táyà tí a fẹ́ fi rọ́pò àgbà wa tún dàgbà jù ú lọ! Ọkùnrin náà kò purọ́, kò jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè, kí ni ẹni tí ó ni í ní òkè òkun rí tí ó fi bọ́ ọ sọnù nígbà tí ilà rẹ̀ ṣì pé? Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ka táyà àlòkù ọkọ̀ kékeré mọ́ ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọlé; síbẹ̀ ó kún ẹ̀bá títì.

A mọ̀ pé àìní ni ó ń lé ènìyàn síbẹ̀. Nígbà kan rí, à ń ṣe táyà ní ilẹ̀ yìí: Michelin ń ṣe é ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà. Ti àkọ́kọ́ dáwọ́ dúró ní ọdún 2007, ti èkejì ní ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ ni igi rọ́bà sì wà ní agbègbè Benin àti Sapele. Tuntun pàápàá gba ìṣọ́ra. Àjọ SON, tí ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, ti kìlọ̀ nípa táyà tuntun tí a ki bọ inú ara wọn láti fi dín àyè kù nínú kọ̀ǹténà. Irú rẹ̀ ti tẹ̀ láti ibi tí a ti kì í, okùn irin inú rẹ̀ sì ti lè já kí a tó rà á. Nítorí náà, kí a wo ọjọ́ orí tuntun náà, kí a sì wò ó bóyá ó wọ́ tàbí ó ká níbìkan.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe ìṣirò ẹrù. Tírélà wa lófìfo tó kílò 400. Igba àga, ní kílò méjì ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 500. Kánópì mẹ́rin, ní 70 ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 280. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 1,180. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá bá sinmi lé ìdí ọkọ̀ tí ń fà á, yóò ku 1,062 fún táyà méjì, èyí ni 531 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ẹrù wà lára táyà pẹ̀lú, lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀: 82 túmọ̀ sí kílò 475, 88 túmọ̀ sí 560, 102 túmọ̀ sí 850. Táyà àtijọ́ náà jẹ́ 82! Kì í ṣe pé ó gbó nìkan, ẹrù wa ju agbára rẹ̀ lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 88 yóò gbé e, ṣùgbọ́n kílò 29 péré ni yóò ṣẹ́kù. Ta ni kò sì mọ̀ pé bí a bá dé òde òkú, ẹnìkan yóò ní kí a bá òun gbé ìkòkò ọbẹ̀ méjì àti àpò ìrẹsì kan sí i? Ìdí nìyí tí a fi mú 185R14C, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 102. Lẹ́tà C náà fi hàn pé ti ọkọ̀ akẹ́rù ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì le ju ti ọkọ̀ kékeré lọ.

Ó ku nǹkan mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Èkíní, táyà yìí ga ju ti ìṣáájú lọ. A ní kí wẹ́dà wọn àyè tí ó wà lábẹ́ irin tí ó bo ẹsẹ̀, kí ó sì yẹ ríìmù wò bóyá ó lè gba ẹrù náà. Èkejì, kí ó tó lè gbé gbogbo ẹrù tí a kọ sí i lára, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó 65 lórí géèjì, nígbà tí ti ọkọ̀ kékeré kì í sábà ju 35 lọ. A sì ra fáàfù onírin tí ó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Kí a wí fún fọkanáísà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí táyà tó gbóná. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa tẹ̀, a máa gbóná, ooru ni ó sì ń pa á. Ẹ̀kẹta, bí tírélà kò bá ṣiṣẹ́, kí a fi jáàkì gbé e sókè sórí búlọ́ọ̀kù, kí a fi aṣọ bo táyà kúrò lójú oòrùn.

Báyìí ni opó náà ṣe ra tuntun méjì. A san owó ìdánwò ọmọ. Ṣùgbọ́n owó kò kù fún táyà kẹta tí ì bá máa dúró dè wọ́n. Ohun tí ó gbà wá ni pé títí a ó fi ta kòkó, a kò ní gba iṣẹ́ tí ó jìnnà ju Ìgbájọ lọ, òde méjì ní Òkukù sì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ báyìí. Ó dùn wá. Ẹnìkan nínú ìdílé ṣì ń wí pé tòkúnbọ̀ mẹ́rin ni ì bá dára jù, a kò sì bá a jà. Àníyàn owó ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀mí gígùn ní í sanyà. Òde òkú tí a kò lọ lónìí, a ó rí òmíràn. Ẹni tí a bá sin lójú títì kò ní padà.

Ní ti táyà àtijọ́ méjèèjì, a fi ọ̀bẹ gé wọn kí ẹlòmíràn má baà tún wọn tà, àwọn ọmọ sì ti gbin ẹ̀fọ́ sínú wọn. Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní ọkọ̀, tàbí tírélà, tàbí bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní gáréèjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà mẹ́rin náà. Kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wò ó.