Èwo Ni Kí A Fi Sínú Kọ̀ǹpútà Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tàbí ti ìsọmọlórúkọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, bí kì í bá ṣe ti àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ gba àfikún ọdún kan. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gbà láti wọ inú púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tòkùnbọ̀ tí àwa ará òkè Ọya yìí ń lò.

Nítorí náà ni a ṣe jókòó nínú ilé wa ní Kàdúná, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, kí a lè yan ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí í máa darí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni a ní. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń múra ìdánwò, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ọjà ìyá wọn wà, inú rẹ̀ náà sì ni àwòrán ìsìnkú bàbá wa àgbà wà. Ohun tí ó bá bà á jẹ́, gbogbo wa ni ó bà jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi Windows ayédèrú sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ayédèrú kì í dúró tini lọ́jọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé. Ti àwọn ètò ọ̀fẹ́ wọ̀nyí yàtọ̀. Kì í ṣe pé a kò san owó nìkan. Òfin wọn fúnra rẹ̀ gbà wá láàyè láti dà wọ́n kọ fún aládùúgbò. Ẹni tí ó bá dà á kọ kò jalè.

Ìdílé ńlá ni wọ́n, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ìtàn ìran wọn. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki, ìlú Finland, gbé Linux jáde. Linux yìí ni ọkàn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọkàn nìkan kò tó ènìyàn. Àwọn mìíràn ni wọ́n ń kó ẹ̀yà ara tí ó kù yí i ká. Ní ọdún 1993, Ian Murdock ní Amẹ́ríkà kó tirẹ̀ jọ, ó sì pè é ní Debian: ó so orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, mọ́ orúkọ tirẹ̀. (Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣé ẹ gbọ́?) Láti ara Debian ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti mú Ubuntu jáde ní ọdún 2004. Láti ara Ubuntu ni a ti rí Linux Mint ní ọdún 2006. Debian ni baba àgbà, Ubuntu ni baba, Mint ni ọmọ. Fedora wá láti agboolé mìíràn.

Fedora yìí ni àkọ́bí wa tí ó wà ní yunifásítì fẹ́, nítorí pé ohun tuntun ni ó máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, a kì í sì í tọ́jú ẹ̀dà kan ju bíi oṣù mẹ́tàlá lọ. A bi í pé ta ni yóò máa ra dátà? Ó rẹ́rìn-ín.

Ubuntu ní ẹ̀dà alọ́jọ́gbọọrọ tí ń jáde ní ọdún méjì méjì, tí a ó sì fi ọdún márùn-ún tọ́jú. Ìyẹn tẹ́ wa lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà 24.04 rẹ̀ lé ní GB 5 láti gbà sílẹ̀, RAM GB 4 tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà wa kò sì ní jẹ́ kí ó mí dáadáa. Debian fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí àgbà, fáìlì kékeré rẹ̀ kò tó GB 1 láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè tí ó ń bi ẹni tí ó fẹ́ fi í sínú kọ̀ǹpútà pọ̀ fún ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kan Mint, èyí tí wọ́n ń pè ní Xfce nínú ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. GB 2 ni RAM tí ó kéré jù tí àwọn tí ó ṣe é béèrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé GB 4 ni wọ́n ní kí ènìyàn ní bí ó bá fẹ́ ìrọ̀rùn. Bíi GB 3 ni fáìlì rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ wò ó, ó rí bọ́tìnnì tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lápá òsì bí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ní, “Èyí ni mo lè lò.” Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó parí ẹjọ́ náà. Ohun tí ó parí rẹ̀ ni pé ilé méjì ní àdúgbò wa ti ń lò ó. Àwọn ẹnjiníà tí ó mọ Linux kò pọ̀ níhìn-ín, èyí tí aládùúgbò ẹni mọ̀ sì sàn ju èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn lọ.

A kò fi í sí i lójú ẹsẹ̀. Orí fláàṣì ni a ti kọ́kọ́ tan án, láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. A dán Wi-Fi wò, a dán ohùn wò, a tẹ ìwé kan lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni a da gbogbo àwòrán àti àkọsílẹ̀ ọjà kọ sí ibi méjì, nítorí pé ẹni tí ó bá ní kí ó nu Windows kúrò, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Kò sí Microsoft Word nínú rẹ̀. LibreOffice ni ó wà níbẹ̀. Ó ń ṣí ìwé Word, ṣùgbọ́n bí tábìlì inú ìwé bá díjú, ó lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ bá wà nínú ètò tí Windows nìkan lè gbé, kí ó dúró síbẹ̀.

Ohun kan dùn mọ́ wa púpọ̀. Bí a bá ṣí ibi tí a ti ń yan kíbọ́ọ̀dù, Yorùbá wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Ígbò náà wà níbẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa ti ń kọ iṣẹ́ Haúsá ilé-ìwé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà oníkọ́kọ́rọ́ wọn, àwa náà sì ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ bí a bá ń kọ̀wé sílé.

Ẹ̀dà Mint náà wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó mú fláàṣì GB 8 wá sí ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. Kí ó sì kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò kí ó tó mú un wá, nítorí a ó nù ún.