Bí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Bá Ní Òun Kò Mọ Bí Omi Ṣe Gbóná Tó

Ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í tún ṣe ohun àwọn olówó Èkó nìkan mọ́. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ń fi í ránṣẹ́ sílé, wọ́n ní kí ọwọ́ ìyá àwọn sinmi. Ṣùgbọ́n bí àmì pé nǹkan ti bàjẹ́ bá yọ lójú rẹ̀, ohun tí ìwé rẹ̀ sábà máa ń sọ ni pé kí á pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ ọ̀hún sì lè jìnnà. Ọ̀kan nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, èyí tó ń sọ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi ṣe gbóná tó kò ṣiṣẹ́.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo ìyá tó fẹ́ wẹ ọmọ tuntun. Yóò kọ́kọ́ ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi kó tó gbé ọmọ sí i. Iṣẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yẹn gan-an ni sẹ́ńsọ̀ ń ṣe. Kò tóbi ju orí ìka lọ, ẹ̀gbẹ́ irin tó ń mú omi gbóná ló sì sábà máa ń wà, nísàlẹ̀ pátápátá. Bí omi bá gbóná dé ibi tí ẹ fẹ́, yálà 40 tàbí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ mọ̀ pé kó pa irin náà. Bí ọpọlọ yìí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní í jẹ́ kí omi gbóná rárá. Kì í ṣe agídí o, ààbò ni.

Lọ́dún kan, nígbà ọyẹ́, irú àmì yìí yọ lára ẹ̀rọ tó wà nílé ìyá mi ní Ìwéré-Ilé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà. Ìyá ti lé ní 80 ọdún, aṣọ ibùsùn wọn sì ní láti rí omi gbígbóná lóòrèkóòrè. Ìdí rèé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ra ẹ̀rọ náà. Ọmọ àbúrò mi tó ń rá kòrò sì wà nínú ilé. Ìyá ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Màá gbé omi kaná, màá dà á sínú rẹ̀." A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ìkòkò omi híhó, ọmọ tó ń rá kòrò: ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn lè já sí.

Oníná tí a pè ní òun yóò gé wáyà sẹ́ńsọ̀ náà, òun yóò fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ẹ̀rọ máa rò pé omi ṣì tutù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá wá hó ńkọ́, ta ni yóò sọ fún un?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyẹn náà wà níbẹ̀ o." La bá jọ ń yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀yin náà ṣe máa ṣe é nìyí.

Èkíní, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátápátá, ẹ ti omi tó ń wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tó wà nínú rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un tàn. Nígbà mìíràn, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló kàn dà á lọ́kàn rú.

Èkejì, ẹ wo iná tí ẹ ń lò. Irin tó ń mú omi gbóná sábà máa ń gba nǹkan bíi 2,000 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1,000 kò lè gbé e. Omi tútù ni kí ẹ fi fọṣọ bó bá jẹ́ òun lẹ ń lò.

Ẹ̀kẹta, kí oníná ṣí i, kó wo wáyà dáadáa. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ tiwa wà. Eku ti jẹ ọ̀kan já! Wọ́n so ó pọ̀, wọ́n fi rọ́bà bò ó, a dí ihò tí eku ń gbà wọlé, iṣẹ́ sì parí láìra nǹkan kan.

Ẹ̀kẹrin, bí wáyà kò bá ní nǹkan kan, kó yọ sẹ́ńsọ̀, kó fi mítà wọ̀n ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wà láàárín 5,000 sí 20,000 óòmù bí ara wọn bá tutù. Kó wá ti orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná nínú abọ́. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀. Nínú omi tó tó 60, ó lè ṣẹ́ kù bí ìdá mẹ́rin. Bí kò bá yí padà rárá, ó ti kú. Irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà, kì í ṣe odindi ẹ̀rọ. Bí omi yín bá jẹ́ èyí tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ẹ ní kó bá yín ha ìpẹ́ funfun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò.

Kí ẹ tó rí i tún ṣe, ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ aṣọ, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ níwá lẹ́yìn, pàápàá aṣọ ọmọ. Eṣinṣin kan wà tó ń yé sára aṣọ tútù tí a bá sá síta. Ìdin rẹ̀ máa ń wọ ara ọmọ, á sì wú bí eéwo. Áyọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin yẹn.

Bí omi gbígbóná bá ti ta sí ẹnì kan lára, ẹ má fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe yìnyín. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sí ọsibítù, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ sẹ́ńsọ̀ dànù nítorí pé ó kéré. Ìgbọ̀nwọ́ tó ń bá yín tọ́ omi wò ni.