Ta Ni Ó Ni Sálómè?

Orin kan tí I. K. Dairo àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Blue Spots, gbé jáde ní ọdún 1962 ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. "Salome" ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí orin yìí ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí n dé ibi ìnáwó kan ní Kàbbà kí n má gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ohun tí ènìyàn fi ṣe fàájì nígbà èwe kì í tètè kúrò lọ́kàn. Èyí tí ó ń yà mí lẹ́nu ni ti àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 1996 tí Dairo fi ayé sílẹ̀. Wọn kò mọ ojú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan àwo orin rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ obìnrin náà, wọn a dìde. Kí ni wọ́n rí níbẹ̀?

N kò lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, nítorí Sálómè ni orúkọ ìsàmì ìyá mi. Ó ti ń jẹ́ ẹ kí orin náà tó jáde. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìjọ tí ó fún un ní orúkọ yìí kò wo ilé. Ìhìnrere Máàkù ni ó wò, níbi tí Sálómè ti wà lára àwọn obìnrin tí ó ra òróró olóòórùn dídùn láti lọ fi kun òkú Jésù. Àwọn kan nínú ìjọ kò gbà. Lójú tiwọn, Sálómè ni ọmọ Hẹrodíà, ẹni tí ó jó níwájú ọba tí ó sì fi ijó gba orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Bẹ́ẹ̀ sì ni Bíbélì kò dárúkọ ọmọbìnrin náà rárá. Ọ̀dọ̀ Josephus, òpìtàn àwọn Júù, ni a ti mọ orúkọ rẹ̀. Inú àríyànjiyàn yìí ni ìyá mi dàgbà sí. Nígbà tí ó di 1962, Sálómè kẹta dé láti orí àwo.

Bàbá mi ni ó gbé e wọlé. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ Òkun tí wọ́n máa ń lọ ṣiṣẹ́ ní oko kòkó ní ilẹ̀ Èkìtì àti Oǹdó, tí wọ́n sì ń fi owó ọdún ra aṣọ, kẹ̀kẹ́, tàbí gíramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí. Gíramafóònù ni òun rà. Ẹ jẹ́ kí n rán ẹ̀yin òǹkàwé létí bí ilẹ̀ wa ti rí nígbà náà. Àríwá ni ìjọba ka Kàbbà sí, nígbà tí Ọ̀mùò-Èkìtì, tí ọ̀nà kan náà so pọ̀ mọ́ wa, wà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ béèrè pé kí a dá Ìlọrin àti Kàbbà padà sọ́dọ̀ àwọn Yorùbá yòókù. Ìgbìmọ̀ Henry Willink gbọ́ ẹjọ́ náà, ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1958, ààlà kò sì yẹ̀. Ó di 1967 kí a tó bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara, ó sì di 1991 kí a tó dá Kogi sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, Ọ̀wé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò yé sọ Yorùbá ní ọ̀nà tiwọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń rí àwọn tí ń bi wá (mo ti gbọ́ ọ ju ìgbà kan lọ) bóyá Yorùbá ni wá. Àwo orin kò bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ni ó jókòó sí láti Èkìtì, ó sì kọjá ààlà náà wọ ilé wa.

Ẹni tí ó kọ orin náà pàápàá mọ ohun tí ó ń jẹ́ ààlà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni Dairo, ṣùgbọ́n Ọ̀ffà ni a bí i sí ní 1930, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe káfíńtà ní rélùwéè; Ọ̀ffà náà, Àríwá ni ìjọba kà á sí. Ó fá irun, ó kiri aṣọ, kí iṣẹ́ orin tó gbà á pátápátá. Ní 1963 ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ní oṣù Keje ọdún 1965, nígbà tí Bob Dylan gbé gìtá oníná bọ́ sí orí pèpéle ní Newport, ní Amẹ́ríkà, àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ orin ìbílẹ̀ hó lé e lórí, bí ẹni pé ó ba ohun mímọ́ jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, n kò gbọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1940 ni àwọn onijùjú ti ń lo gbohùngbohùn àti gìtá oníná, èrè tí ó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ohùn olórin àti gìtá ti ní ẹ̀rọ tí ń gbé wọn sókè, ó ṣeé ṣe láti fi gángan àti àwọn ìlù mìíràn kún orin láìjẹ́ pé ìlù bo ohùn mọ́lẹ̀. Iná òyìnbó ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ìlù àwọn baba wa! Dairo tún fi àkọ́díọ̀nù kún un, ohun èlò ilẹ̀ Yúróòpù, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi máa dún bí ohun tí wọ́n rọ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin jùjú ni ó ní gìtá àti gángan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Èrò tèmi ni pé orúkọ ni ó gbé "Salome" ró. Láyé àwọn òbí wa, bí obìnrin bá ti bímọ, kì í sábà gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ mọ́, pàápàá níwájú èrò. Ìyá lágbájá ni. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí í sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, bí àlejò bá pọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò gbé àwo náà lé gíramafóònù, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan yóò sì máa bá a pe aya rẹ̀ sókè, tí ó fi dé ilé ìdáná. Ìyá mi a ní òun kọ́ ni wọ́n ń pè. A kò rí i kí ó ní kí wọ́n pa á. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba ìta lọ́wọ́ Dairo, tí orin jùjú gùn sí i, tí ó sì kún fún oríkì àwọn olówó, bàbá mi ra tiwọn náà. N kò fojú tín-ín-rín wọn, ọ̀gá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n olówó tí a kì lórí àwo ní ilé tirẹ̀. Sálómè kò ní ilé kan pàtó, nítorí náà ilé gbogbo ni ó lè wọ̀.

Nígbà tí ìyá mi kú, ọ̀rọ̀ orin yìí fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Alàgbà kan nínú ìjọ ní kò yẹ kí a fi orin ayé sin ìyá ìjọ. Mo sọ fún un pé Dairo fúnra rẹ̀ jẹ́ aṣáájú nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, pé ohùn orin ìsìn kò jìnnà sí orin rẹ̀. Bàbá náà fèsì pé ìyẹn kò sọ orúkọ obìnrin di orin ìsìn, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni ó yanjú rẹ̀. Ó bi wá pé, "Ṣé ẹ fẹ́ sin ín láìpe orúkọ rẹ̀ ni?"

A parí ìsìn, a dé ibi ìnáwó, àwọn onílù sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí wọn kò pè é ní nǹkan mìíràn rí ju Màmá lọ, ni ohùn wọn ròkè jù.