Ẹni Tó Gbọ́ Ẹjọ́ Kò Láṣẹ

Tí èèyàn bá fẹ́ sanwó fún ibùdó síkì, eré tí wọ́n ń fi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, ní Colorado, kò sídìí láti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Yóò ṣí fóònù rẹ̀, yóò mú ọjọ́ tó wù ú, yóò kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà káàdì sí i, owó á sì ti jáde ní báńkì kó tó gbójú sókè. Tọ̀sán-tòru ni ilẹ̀kùn yẹn wà ní ṣíṣí. Lọ́jọ́ tí ohun tó sanwó fún kò bá wá ṣeé ṣe mọ́, tó fẹ́ gba owó rẹ̀ padà tàbí tó kàn fẹ́ sún ọjọ́ síwájú, ibi kan náà tó ti sanwó á ní kó pe nọ́ńbà kan. Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yẹn ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà òtútù tó kọjá. Ó dùn mí, ó sì ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Ìlú Aurora lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver ni èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́ ọmọ. A kò mọ síkì rí. Ọmọ wa obìnrin ló gbé e wálé láti ilé ìwé, nítorí bí Oṣù Kejìlá bá ti dé, ọ̀rọ̀ síkì ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ láàárọ̀ Mọ́ńdé. A rò ó títí, a ní kó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe eré owó pọ́ọ́kú. Ní ìgbà òtútù ọdún 2024 sí 2025, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan péré ní ibùdó síkì Vail, fún ẹni tó bá rà á lójú fèrèsé lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù, tó $329. Ibi tí àwa lọ kì í ṣe Vail, mi ò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Àmọ́ owó ẹ̀kọ́, owó bàtà àti pátákó síkì tí a yá, owó tí nọ́ọ̀sì fi iṣẹ́ òru wá ni.

Láti Denver, ọ̀nà I-70 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ sórí òkè. Ó ń gòkè lọ láti Idaho Springs dé Georgetown, ó kọjá Silver Plume, ó sì wọnú Eisenhower Tunnel, ihò tí wọ́n gbẹ́ la inú òkè já. Ọdún 1973 ni wọ́n ṣí ojú kìn-ín-ní. Ojú kejì, tí wọ́n fi orúkọ Edwin Johnson pè, ṣí ní 1979. Ibẹ̀ fi ohun tó ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 ga ju ojú òkun lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí Oṣù Karùn-ún, òfin ní kí mọ́tò tó bá ń gba apá ibẹ̀ ní táyà tó lè di yìnyín mú, tàbí kó gbé ṣéènì táyà dání. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ọ̀nà ṣì máa ń tì. Mọ́tò á yọ̀, tírélà á dábùú. Nígbà mìíràn ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń tì í, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi ohun abúgbàù já yìnyín tó ti ga jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lulẹ̀ kó tó ya lu ọlọ́kọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lo ìgbà òtútù kan ní Colorado mọ èyí. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n.

Sátidé kan ní Oṣù Kejì ni, ní òpin ọ̀sẹ̀ ìsinmi tí Amẹ́ríkà fi ń bu ọlá fún àwọn ààrẹ rẹ̀, nígbà tí òkè máa ń kún fọ́fọ́. Yìnyín ti ń rọ̀ láti òru. A ti dé Georgetown kí ilẹ̀ tó mọ́, ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi ti ọ̀nà níwájú wa. Aago mẹ́sàn-án ni kíláàsì ọmọ wa. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa sọ ọ́ kedere pé tí ọmọ kò bá ní lè wá, kí òbí pè kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ti lọ nìyẹn. Mo gbé fóònù, mo pè.

Ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Ó kí mi káàbọ̀, ó ní àwọn ti yí ètò ìdáhùn padà, kí n fara balẹ̀ gbọ́, ó ní ọ̀pọ̀ ohun tí mò ń wá ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tẹ 1 fún tíkẹ́ẹ̀tì, tẹ 2 fún ilé ìsùn, tẹ 3 fún ẹ̀kọ́ síkì. Mo tẹ 3. Ó tún pín ìyẹn sí wẹ́wẹ́: ẹ̀kọ́ àgbàlagbà, ẹ̀kọ́ ọmọdé, ẹ̀kọ́ àdáni. Kò sí nọ́ńbà kankan fún ọ̀nà tó tì. Lẹ́yìn náà ni orin bẹ̀rẹ̀, tí ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sì ń dá a dúró lóòrèkóòrè láti sọ fún mi pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn. Ọkọ mi á pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà tán, á tún tàn án nítorí òtútù, orin ń lọ. Ọmọ wa ti wọ gbogbo aṣọ síkì rẹ̀ láti ilé. Ó ń wo aago iwájú mọ́tò.

Mo kà nípa orin yìí lẹ́yìn náà. Alfred Levy, ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1966. Wáyà kan tó tú ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló fara kan irin ilé, tí orin rédíò ilé kejì sì ń wọ inú fóònù. Ó rí i pé ẹni tó bá ń gbọ́ orin kò ní í rò pé láìnì ti já. Ohun tó dára ni. Ẹni tó ń dúró yẹ kó mọ̀ pé wọn ò tíì já fóònù mọ́ òun létí. Àmọ́ pé láìnì kò já kò tíì sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní sùúrù. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé òkè wo ni mò ń pè nípa rẹ̀, nítorí ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ń dáhùn fún òkè púpọ̀. Báyìí ni iṣẹ́ síkì ṣe rí báyìí. Láti ìgbà tí Epic Pass ti jáde ní 2008, tí Ikon Pass sì tẹ̀ lé e ní 2018, èèyàn lè fi páàsì kan ṣoṣo ṣe síkì lórí òkè rẹpẹtẹ, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń ra òkè mọ́ òkè. Bí àpò owó ṣe ń di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni fóònù náà ń di ọ̀kan.

Mo sọ fún un pé a wà ní Georgetown, pé ọ̀nà ti tì. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òkè ṣí, àwọn àga tó ń gbé èèyàn gòkè ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Òkè ṣí fún àwọn tó ti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Mo ní ọ̀nà tó dé ibẹ̀ ló tì. Ó ní òun kò rí ọ̀nà lójú kọ̀ǹpútà òun, pé bí òkè bá ti ṣí, lójú ìwé kíláàsì ti wáyé nìyẹn, kò sì sí ohun tí òun lè tẹ̀ láti sún un. Mo ní kó so mí pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ síkì fúnra rẹ̀. Ó ní kò sí láìnì láti ọ̀dọ̀ òun sí ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ó wù ú kó ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bi ọ̀gá òun, orin padà dé, láìnì já. Nígbà tí mo tún pè, ẹlòmíì ló gbé e, ó ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá nígbà náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbìyànjú láti gba owó náà padà. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ìgbà tí ọ́fíìsì wọn bá ṣí gan-an ló yẹ kí n máa sùn. Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, orin ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mi ò sùn, mi ò jí. Ẹni tó gbé e níkẹyìn ní kò sí ohunkóhun nínú ìwé àwọn tó fi hàn pé mo pè ní Sátidé.

Mo bínú. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà kí n tó mọ ohun tí mò ń bínú sí gan-an. Ní wọ́ọ̀dù wa, ẹbí aláìsàn a máa pè ní aago mẹ́ta òru. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lórí ibùsùn lọ́dọ̀ wa, tí òun alára wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, á fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá ti sùn, bóyá ara rẹ̀ ti rọlẹ̀. Tí mi ò bá mọ̀, mo lè rìn dé ìdí ibùsùn náà, kí n wo baba lójú, kí n padà wá sọ ohun tí mo rí. Tó bá jẹ́ dókítà nìkan ló lè dáhùn, màá sọ dókítà tó jẹ́, màá sọ ìgbà tó máa wọlé, màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ pè. Bó ti wù kó rẹ̀ wá tó, ẹni tó bá gbé fóònù wọ́ọ̀dù wa jẹ́ ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lórí òkè nìyẹn. Wọ́n ti ya ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó lè dá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi, kò láṣẹ. Ẹni tó láṣẹ wà ní ẹsẹ̀ òkè, kò gbọ́ nǹkan kan.

Àwọn kan á ní èrò ló pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé kò sí ilé iṣẹ́ tó lè gbé gbogbo fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ààyè kan. Àmọ́ ìdúró lórí fóònù kì í ṣèèṣì wáyé. Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark tó bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde láti 1909, ó sì fi kún un ní 1917: bí ìpè bá ṣe pọ̀ tó láàárín wákàtí kan, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn tó, bí àwọn tó ń gbé fóònù bá ṣe pọ̀ tó, èèyàn lè mọ bí ẹni tó ń pè yóò ṣe dúró pẹ́ tó. Títí dòní ni wọ́n ń lo ìṣirò yẹn láti mọ iye òṣìṣẹ́ tí wọn yóò fi sídìí fóònù. Ẹnì kan ti jókòó, ó ti wò ó, ó ti gbà pé kí a dúró tó bẹ́ẹ̀. Ìsinmi Oṣù Kejì kì í sì í yọ sí ẹnikẹ́ni lójijì. Àwọn tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ti máa fi ẹ̀rọ fọ́n yìnyín sórí òkè kí ti ojú ọ̀run tó rọ̀ mọ ìmúrasílẹ̀ dáadáa.

Ní Oṣù Kẹta, tí ọ̀nà ti já geere, a gun òkè lọ. Mo fi ọmọ sọ́wọ́ ọkọ mi, mo lọ tààrà sí kọ́ńtà ilé ẹ̀kọ́ síkì. Obìnrin kan tó ti dàgbà díẹ̀ ló wà níbẹ̀, oòrùn orí yìnyín ti sun ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ parí tó fi bi mí pé, “Ṣé Sátidé tí wọ́n ti ọ̀nà yẹn ni?” Ó ní òun rántí ọjọ́ náà dáadáa: àwọn olùkọ́ dúró sínú òtútù, wọ́n ń retí àwọn ọmọ, ọ̀pọ̀ kò dé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀. Ó tẹ nǹkan díẹ̀ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ọmọ mi sí kíláàsì ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní kí n má san kọ́bọ̀. Ó parí. Fóònù oníwáyà kan wà lórí kọ́ńtà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá òbí lè pe èyí. Ó ní rárá, àwọn òṣìṣẹ́ orí òkè nìkan ló ń fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀ rí, òun fúnra òun ni òun ń gbé ìpè àwọn òbí láàárọ̀ ọjọ́ yìnyín.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó dúró sínú òtútù yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Títí di ìgbà náà, mo rò pé àwa oníbàárà nìkan ni wọ́n ń fìyà jẹ. Àṣé wọ́n ti di òkè náà létí pẹ̀lú. Àwa òbí tó wà ní Georgetown láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìròyìn la mú dání: pé ọ̀nà tì, pé a ò tíì padà sílé, pé tí wọ́n bá lè sún kíláàsì di aago mọ́kànlá, ọ̀pọ̀ wa lè débẹ̀. Ká ní obìnrin yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu òbí méjì péré, ì bá ti mọ ohun tó máa sọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ka ìpè wa sí ẹrù tó yẹ kí wọ́n gbé jìnnà sí ibi iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé gbígbé ní àwọn ìlú orí òkè ti wọ́n ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ní Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah, àwọn ẹ̀ṣọ́ orí òkè tó tó igba da iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 27 Oṣù Kejìlá 2024 títí di ọjọ́ 8 Oṣù Kìn-ín-ní 2025, wọ́n ní kí owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kúrò ní $21 fún wákàtí kan, kó di $23. Àwọn tó ń fẹ̀mí wewu já yìnyín lulẹ̀ kó má baà pa ẹlòmíì là ń wí. Bí irú wọn bá ní láti da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí dọ́là méjì, ẹni tó ń gbé fóònù ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo bá a sọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí fóònù mi: láti 1 dé 5, báwo ni òṣìṣẹ́ yìí ṣe ṣe sí? Òun nìkan ni wọ́n bèèrè. Wọn ò bèèrè nípa òfin tó dè é lọ́wọ́, wọn ò bèèrè bóyá ọmọ mi ṣe síkì. Mo fún un ní 5, nítorí ó tọ́ sí i, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyókù, lẹ́yìn tí a ti orí òkè dé, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń darí òkè náà fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí fóònù orí kọ́ńtà ilé ẹ̀kọ́ síkì fún òbí tó ti sanwó, láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án àárọ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti I-70. Kí wọ́n fún ẹni tó ń gbé e láṣẹ láti sún kíláàsì láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sì fi kún owó rẹ̀.