Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ gbé mi dé Ìfọ́n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 2023, nígbà tí owó náírà já wálẹ̀, onílé mi fi kún owó ilé. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan, mo sì ń gbèrò àtifi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá mẹ́rin sórí rẹ̀. Bàbá bíríkìlà gbọ́ iye owó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Tíṣà, owó yìí kò ní kọjá ojú fèrèsé. Yàrá méjì ni kí o kọ́, kí o sì fi amọ̀ mọ ọ́n.”

Ojú tì mí. Kí ni wọn yóò wí ní Ọ̀wọ̀? Àṣé mo ti gbàgbé pé amọ̀ náà ni àwọn baba wa fi mọ ààfin Ọlọ́wọ̀, pẹ̀lú gbogbo àgbàlá inú rẹ̀.

Oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò dá, ni a bẹ̀rẹ̀. A fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Bí a bá mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. A kan páànù kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, a sì fi ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ̀yìn ògiri.

Lóru tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, èmi àti ìyàwó mi jókòó, a tẹ́tí sí páànù. Kò jò. Ilé ńlá kan wà nítòsí wa tí kò ní òrùlé, igbó ti kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀n owó ọwọ́ rẹ̀ kì í sun ìta.