Ọjọ́ Ìpè Kì í Ṣe Ọjọ́ Ẹ̀kọ́

Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò yé tẹnu mọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, òun náà ni pé ọjọ́ ìpè kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó dé ojú ogun kí ó tó máa wá òkúta tí yóò fi pọ́n idà, ọ̀tá kò ní dúró dè é. Bí mo bá ń wá àpẹẹrẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin atẹdùrù kan ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

André Watts ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí ní 1946. Ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú, ni baba rẹ̀; ọmọ ilẹ̀ Hungary ni ìyá rẹ̀, òun ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ ọ ní piyánò. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà ń wù ú lójoojúmọ́. Bí àwọn mìíràn nínú yín ti ń sá fún ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀túntẹ̀ ń sú òun náà. Ọgbọ́n tí ìyá rẹ̀ dá ni pé ó ń sọ ìtàn Franz Liszt fún un, ògbóǹtagí atẹdùrù ọmọ Hungary, àti bí ó ti ń ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1963, nígbà tí Watts jẹ́ ọmọ ọdún 16, òun àti ẹgbẹ́ eléré New York Philharmonic, tí Leonard Bernstein ń darí, ṣe orin kan tí Liszt yìí kan náà kọ. Orin náà kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹmú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọwọ́ méjèèjì ti ń fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Liszt alára tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní gbangba ní Weimar ní 1855.

Kí oṣù náà tó parí, àìsàn dá Glenn Gould dúró, gbajúgbajà tí ó yẹ kí ó bá ẹgbẹ́ náà ṣeré. Bernstein ránṣẹ́ pe ọmọdé náà. Kò sí àyè láti kọ́ orin tuntun. Ohun tí ó ti wà ní ìka rẹ̀ ni ó gbé lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà, ó tẹ orin Liszt, gbogbo èrò sì dìde láti pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó wù mí jù. Òkìkí kò mú kí ó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n tán. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin Peabody ní Baltimore, ó jókòó lẹ́sẹ̀ olùkọ́ rẹ̀, Leon Fleisher, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní 1972. Títí di ìgbà ogbó ni ó ń tẹ dùrù. Ó kú ní 2023.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àtẹ́wọ́ ni ayé ń gbọ́. Kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ àtẹ̀túntẹ̀ inú yàrá. Bí àga ẹlòmíràn bá ṣófo lọ́la, tí a sì dárúkọ yín lójijì, kí ni a óò bá lọ́wọ́ yín?