HUMBOLDT: ÌLÚ TÍ Ń TỌ́ ỌMỌ ỌLỌ́MỌ

Lóṣù yìí, mo fẹ́ kí a jọ rìn dé ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí òtútù ti ń mú débi pé omi odò a máa dì gbagidi, tí ènìyàn yóò sì máa rìn lórí rẹ̀. Humboldt ni orúkọ ìlú náà. Bóyá ẹ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló sunkún nítorí rẹ̀. Mo mú un wá síwájú yín nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ń hu ìwà kan tí àwọn baba wa fi pa òwe, pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni, àti ohun tí ó ń fún ni.

ILẸ̀ NÁÀ ÀTI ÀWỌN ARÁ IBẸ̀

Ìpínlẹ̀ Saskatchewan ni Humboldt wà, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Bí ẹ bá gbéra ní Saskatoon, tí í ṣe ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, tí ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ó rin nǹkan bí 110 kìlómítà. Kò sí òkè, kò sí igbó kìjikìji. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Oko àlìkámà wà lọ́tùn-ún, oko kánólà tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè wà lósì, èyí tí wọ́n ń fún òróró lára èso rẹ̀. Nínú ilẹ̀ àgbègbè yìí ni wọ́n tún ti ń wa potash, tí a fi ń ṣe ajílẹ̀.

Alexander von Humboldt, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tí ó rin ìrìnàjò púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Láti 1903 ni àwọn àgbẹ̀ tí ń sọ èdè Jámánì ti ń rọ́ wá tẹ̀dó sí àgbègbè náà. Nínú ìkànìyàn ọdún 2016, 5,869 ni gbogbo ènìyàn ìlú náà.

Ìgbà òtútù ibẹ̀ ń pẹ́ tó oṣù márùn-ún. Ní ọjọ́ mìíràn, òtútù a máa mú ju ti inú fírísà lọ fíìfíì. Níbo wá ni àwọn ọmọ yóò ti ṣeré? Níbo ni àwọn àgbà yóò ti pàdé? Ilé eré yìnyín ni. Elgar Petersen Arena ni wọ́n ń pe ti Humboldt, ó sì gba nǹkan bí 1,800 ènìyàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìlú.

ERÉ HỌ́KÌ ÀTI ẸGBẸ́ BRONCOS

Kí ni họ́kì orí yìnyín? Eléré mẹ́fà ní ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ́lé wà lára wọn. Irin mímú wà lábẹ́ bàtà wọn, wọn a sì máa sáré lórí yìnyín bí ẹni ń fò. Ọ̀pá gígùn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, òun ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Ogún ìṣẹ́jú lọ́nà mẹ́ta ni eré kan. Ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ lọ́kàn àwa, òun ni họ́kì jẹ́ lọ́kàn àwọn ará Kánádà.

Ọdún 1970 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Humboldt Broncos sílẹ̀. Bronco ni ẹṣin tí a kò tí ì fi ìjánu kọ́. Líìgì àwọn ọ̀dọ́ ti ìpínlẹ̀ Saskatchewan ni wọ́n wà, àwọn ọmọkùnrin láti ọdún 16 dé nǹkan bí 20 ni eléré wọn. Ẹgbẹ́ ìlú kékeré yìí gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Kánádà fún ìpele tiwọn ní 2003, wọ́n sì tún gbà á ní 2008.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà nìyí: púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ Humboldt. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń wá, wọ́n fi bàbá àti ìyá sílẹ̀ nílé. Ta ni ń gbà wọ́n sílé? Àwọn ìdílé ìlú náà ni. Ìdílé yóò yọ yàrá kan sílẹ̀, ọmọ yóò máa jẹun nídìí tábìlì wọn, àwọn ọmọ kéékèèké ilé a sì mú un bí ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá pẹ́ níta, wọ́n á máa wojú ọ̀nà. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, wọ́n á jókòó nínú ilé eré yìnyín, wọ́n á máa pariwo orúkọ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló bí i.

Ní 2015, Darcy Haugan di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ náà. Onígbàgbọ́ ni. Ó fi májẹ̀mú kan lélẹ̀ fún àwọn ọmọ náà, ìdílé ni ó sì fi ṣe àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Bí wọn yóò ti borí ká a lára, ṣùgbọ́n irú ọkùnrin tí wọn yóò dà ká a lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ỌJỌ́ KẸFÀ OṢÙ KẸRIN, 2018

Ọjọ́ Ẹtì ni. Bọ́ọ̀sì Broncos gbéra lọ sí ìlú Nipawin ní ìhà àríwá, ìrìnàjò tí ó ju wákàtí méjì lọ, láti gbá eré kan nínú ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá. Ènìyàn 29 ló wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, níbi tí òpópónà 35 àti 335 ti dábùú ara wọn, tírélà kan kò dúró níbi àmì tí ó ní kí ó dúró, bí iná tilẹ̀ ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Ó já síwájú bọ́ọ̀sì náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ènìyàn 16 ló kú: eléré mẹ́wàá, Haugan àti igbákejì rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, obìnrin tí ń tọ́jú ara àwọn eléré, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe àkọsílẹ̀ eré, àti ẹni tí ń sọ eré lórí rédíò. Àwọn 13 yòókù fara pa, àwọn kan nínú wọn kò sì lè fi ẹsẹ̀ wọn rìn mọ́.

Àwọn ọmọ náà ti kun irun wọn ní àwọ̀ kan náà nítorí ìdíje yìí, wọ́n sì jọra. Nítorí náà, wọ́n ṣi ọmọ méjì mú fún ara wọn. Ìdílé kan ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ tí kò kú, ìdílé kejì ń dúpẹ́ pé tiwọn yè, kò sì yè. Ọjọ́ kẹta ni òtítọ́ tó hàn. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ara yín sí ipò wọn.

OHUN TÍ PÁSÍTỌ̀ WỌN SỌ

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìlú péjọ sínú ilé eré yìnyín náà. Olórí ìjọba Kánádà ìgbà náà, Justin Trudeau, wà níbẹ̀. Sean Brandow, pásítọ̀ tí ń ṣe àlùfáà fún ẹgbẹ́ náà, ni ó dìde láti sọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti dé ibi ìjàǹbá náà lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Orin Dáfídì 23 ló mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé lórí, níbi tí a ti ń sọ nípa àfonífojì òjìji ikú. Kò ṣe bí ẹni tí ó mọ ìdí ohun gbogbo. Ó jẹ́wọ́ pé òkùnkùn ni òun rí, ó sì sọ fún wọn pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú wọn nínú òkùnkùn náà.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n níhìn-ín. Nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, àwa kan a máa yára wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó fà á, bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti ṣe. Ẹni tí ń sunkún kò bèèrè àlàyé lọ́wọ́ wa. Ẹni tí yóò jókòó tì í ló ń wá.

BÍ A BÁ Ń SUNKÚN, À Á MÁA RÍRAN

Káàkiri Kánádà àti lẹ́yìn òde rẹ̀, àwọn ènìyàn gbé ọ̀pá họ́kì sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn lálẹ́, wọ́n sì tan iná síbẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ náà ṣì lè wá mú un lò. Owó tí wọ́n dá fún àwọn ìdílé náà lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là Kánádà.

Logan Boulet, ọmọ ọdún 21, wà lára àwọn tí ó kú. Ó ti sọ fún bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí òun bá kú, kí wọ́n fi ẹ̀yà ara òun gba ẹlòmíràn là. Àwọn òbí rẹ̀ ṣe bí ó ti wí, ènìyàn mẹ́fà ló sì jàǹfààní rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn yìí kàn, nǹkan bí 150,000 ará Kánádà ló forúkọ sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ láti ṣe bákan náà.

Ìjọba pẹ̀lú ríran. Ní 2019, ìpínlẹ̀ Saskatchewan sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí yóò wa tírélà gba ẹ̀kọ́ tí ó péye kí ó tó gba ìwé àṣẹ. Láti oṣù kẹsàn-án 2020, gbogbo bọ́ọ̀sì ńlá tuntun tí ń rin ọ̀nà jíjìn ní Kánádà gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì lórí ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ ìjọ lọ sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

ÀFORÍJÌ NÍNÚ ILÉ ẸJỌ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wa tírélà náà wá láti ilẹ̀ Íńdíà, kò sì pẹ́ rárá tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ó gbà pé òun jẹ̀bi gbogbo ẹ̀sùn 29. Àwọn ìdílé dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn lójú rẹ̀. Àwọn kan sọ pé àwọn kò lè dárí jì í, ta ni yóò sì bá wọn wí? Ṣùgbọ́n Christina Haugan, opó akọ́nimọ̀ọ́gbá náà, sọ fún un pé òun dárí jì í, nítorí pé a ti dárí ji òun náà nígbà tí kò tọ́ sí òun.

Ilé ẹjọ́ rán ọkùnrin náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Àforíjì kò dí ìdájọ́ lọ́wọ́, ìdájọ́ kò sì pa àforíjì rẹ́. Ní oṣù karùn-ún 2024, nígbà tí àṣẹ jáde pé kí a dá a padà sí Íńdíà, ohùn àwọn ìdílé náà kò ṣọ̀kan: àwọn kan fẹ́ kí ó lọ, àwọn mìíràn ní kí a jẹ́ kí ó dúró.

ILẸ̀KÙN TÚN ṢÍ

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án 2018, Broncos tún wọ orí yìnyín ní Humboldt. Nipawin, ìlú tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, ni wọ́n bá gbá a. Méjì nínú àwọn ọmọ tí Ọlọ́run yọ nínú bọ́ọ̀sì náà wà nínú eré. Nipawin borí pẹ̀lú àmì ayò 2 sí 1, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ohun tí ó ju ayò lọ ni wọ́n wá wò.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé, kí eré yẹn tó lè wáyé, àwọn ìdílé kan ní Humboldt ní láti tún tẹ́ ibùsùn fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti mọ bí ó ti ń dun ni tó. Wọ́n sì tún ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ ta ni ń gbé lọ́dọ̀ yín? Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, tàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn? Ṣé ẹ mọ ohun tí ó jẹ lánàá? Bí ó bá pẹ́ níta, ṣé ẹnìkan ń wojú ọ̀nà rẹ̀? Kí Olúwa máa pa àwọn ọmọ wa mọ́ lójú ọ̀nà, kí ó tu gbogbo ìdílé tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, kí ó sì jẹ́ kí ilé wa jẹ́ ibi tí ọmọ ọlọ́mọ yóò ti rí ìsinmi. Àmín.